Kílò Kọfí Mẹ́ta: Manu Dibango àti Gbèsè Àlejò

Àdúgbò kan wà létí ọ̀sà ní Attécoubé, nínú ìlú Abidjan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Boribana. Èdè Júlà ni orúkọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé eré sísá ti parí. Ó dùn létí, pàápàá fún ẹni tí ó ti rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí yóò gbé orí lé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 wọ́n wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ibẹ̀ palẹ̀, àwọn tí wọ́n rò pé eré àwọn ti parí sì tún di ẹrù wọn rù. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ orúkọ àdúgbò yìí, ọkàn mi a máa lọ sọ́dọ̀ olórin kan tí ó ti gbé ìlú Abidjan yìí rí fún ọdún mẹ́rin. Ọmọ ọdún 15 ni ó jẹ́ nígbà tí ó kúrò nílé bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 86 ni nígbà tí ó kú, púpọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó sì lò ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Manu Dibango ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ afunfèrè. Ìdáhùn mi kò gùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ọmọ Tógò ń jókòó ti ọmọ Málì, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ń yá ọmọ Burkina Faso ní kálàmù, àwa ọmọ Yorùbá tí àwọn bàbá wa ti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ wá ṣòwò sí Côte d'Ivoire kò sì mọ̀ bóyá onílé ni wá tàbí àlejò. Ohun tí àlejò jẹ onílé ní gbèsè, àti ohun tí onílé náà jẹ àlejò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí irú wa lè fojú fò. Ìgbésí ayé Dibango ṣàlàyé rẹ̀ ju bí mo ti lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

A bí Emmanuel N'Djoké Dibango ní ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1933. Ará Yabassi ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni. Ọmọ Douala ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi mọ̀ láti kékeré pé ènìyàn lè ní ilé méjì kí ó má sì jẹ́ onílé pátápátá nínú ọ̀kankan. Nínú ilé ìsìn àwọn Protẹ́sítáńtì ni orin ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí, nítorí pé ìyá rẹ̀ a máa bá àwọn obìnrin ìjọ kọrin níbẹ̀.

Ní ọdún 1949, bàbá rẹ̀ fi í sínú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Marseille, kí ó lè lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí òkun. Nínú ẹrù ọmọ náà ni kílò kọfí mẹ́ta wà. Kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Ogun ńlá ti parí láti ọdún 1945, ṣùgbọ́n nǹkan kò tíì rọ̀ṣọ̀mù ní ilẹ̀ Faransé, kọfí sì jẹ́ ohun tí ó wọ́n, tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá kiri. Kọfí yìí ni owó oúnjẹ àti owó ibùsùn tí bàbá san ṣáájú fún ẹni tí yóò gba ọmọ rẹ̀ sílé. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Saint-Calais ni ilé náà wà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sì ni baálé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí, nítorí pé àwọn tí ń pìtàn olórin kì í sábà dúró níbẹ̀: olùkọ́ ni.

Àwa náà mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìyá kan kò ní í rán ọmọ rẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú òkèèrè kí ó má di gàrí, èlùbọ́ àti epo lé e lọ́wọ́. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, ẹrù náà kò tó ohun tí ọmọ yóò jẹ ní oṣù kan. Ohun tí ó ń sọ fún onílé ni pé: àwa mọ̀ pé a jẹ yín ní gbèsè. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé òun jẹ gbèsè, ilé a máa gbà á. Nígbà tí Dibango di àgbà tí ó sì fẹ́ kọ ìtàn ara rẹ̀, kílò kọfí mẹ́ta yìí ni ó fi ṣe orúkọ ìwé náà, ó sì dá mi lójú pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó dùn ún pè.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ ní Saint-Calais, ní Chartres àti ní Reims, aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ rárá. Wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Faransé, ó sì kọ́ dùùrù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá ni jáàsì, orin tí àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Nínú orin náà ni ó ti rí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Ní ibi tí àwọn ọmọ Kamẹrúùnù tí ń kàwé ní ilẹ̀ Faransé máa ń péjọ sí nígbà ìsinmi ni ó ti yá fèrè sasofóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fọn. Ibẹ̀ náà ni ó ti bá ọmọ Douala mìíràn pàdé, ẹni tí ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin jù ú lọ, tí ó sì fi ọ̀nà blúùsì hàn án. Francis Bebey ni ẹni náà.

N kò lè dárúkọ Bebey kí n sì kàn kọjá lọ. Òun náà jẹ́ àlejò tí ó pẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ó ń kọrin, ó ń ta gìtá, ó sì ń kọ̀wé. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Le Fils d'Agatha Moudio, tí ó jáde ní ọdún 1967, gba ẹ̀bùn ńlá tí a ń fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1968. Ní ọdún 1969 ó tẹ ìwé mìíràn jáde lórí orin ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ UNESCO ní Paris títí di ọdún 1974, ó sì fi iṣẹ́ olówó oṣù náà sílẹ̀ kí ó lè máa kọrin kí ó sì máa kọ̀wé. Ó kú ní ọdún 2001. Ọmọdékùnrin méjì tí wọ́n ń fi ohun èlò orin dán ara wọn wò nígbà ìsinmi ni àwọn méjì wọ̀nyí; ẹnikẹ́ni tí yóò bá lé ọmọ kúrò nídìí ìlù nítorí pé àkókò eré ti kọjá, kí ó rántí wọn kí ó tó mú pàṣán.

Bàbá Dibango kò tilẹ̀ rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò rán ọmọ lọ sí òkè òkun kí ó lọ máa fọn fèrè. Nígbà tí ó di ọdún 1956 tí ọmọ náà kò yege nínú ìdánwò ńlá tí àwọn Faransé ń pè ní baccalauréat, bàbá dá owó dúró. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí Dibango bá rí nídìí orin ni yóò jẹ. Ó kó lọ sí Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú àwọn ilé ijó. Irú orin tí oníbàárà bá fẹ́ ni ó ń ṣe fún wọn: orin ijó àwọn òyìnbó, orin àwọn ará Kúbà, jáàsì nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jó bá ti lọ. A lè rò pé ìyà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Oko tí Dibango dé ní àkókò náà kò níye.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 ni àwọn aṣáájú ilẹ̀ Kóńgò wá sí Brussels láti jíròrò lórí òmìnira wọn, Joseph Kabasele, tí wọ́n ń pè ní Grand Kallé, sì bá wọn wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, African Jazz. Dibango ni ó ń darí àwọn olórin ilé ijó Les Anges Noirs nígbà náà. Kabasele gbọ́ ọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀; nígbà tí ó di ọdún 1961, ó mú un lọ sí Léopoldville, tí a ń pè ní Kinshasa lónìí. Ẹ wo bí ọ̀nà ti rí: ọmọ Áfíríkà ní láti lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù kí ó tó bá ọ̀nà Kóńgò, bẹ́ẹ̀ sì ni Kóńgò kò jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ orin àwọn ará Kóńgò, ó sì fi ohun tí ó mú bọ̀ láti òkè òkun san án fún wọn. Orin rẹ̀, Twist à Léo, ní ọdún 1962, fi ijó twist, ijó tí ó jẹ́ ọmọ rọ́ọ̀kì, sẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Léopoldville. Ní ọdún 1963 ó padà sí Douala, ó ṣí ilé ijó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà àti òfin kónílé-ó-gbélé kò jẹ́ kí iṣẹ́ alẹ́ lérè. Ní ọdún 1965 ó tún ti dé Paris, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo.

Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, rọ́ọ̀kì ni orin tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà gbé dìde ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Láti inú blúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, gìtá oníná ni ó ń ké ju gbogbo ohun èlò lọ nínú rẹ̀, ìlù rẹ̀ sì ń lù gbà-gbà-gbà láìyẹsẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ní tirẹ̀. Dick Rivers jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ ọ́ níbẹ̀, Nino Ferrer, ọmọ Ítálì tí ó di ẹni ńlá ní Paris, jẹ́ òmíràn. Dibango tẹ dùùrù oníná fún wọn, nígbà tí Ferrer sì rí i pé ó mọ fèrè fọn, ó fi í ṣe olórí àwọn olórin rẹ̀. Ọdún wọ̀nyí kò sí nínú ìtàn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ nípa rẹ̀, nítorí pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lára ògiri. Lójú tèmi, òun ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo èyí tí ó kọ́: ó kọ́ bí a ti ń dúró lẹ́yìn olórin mìíràn kí orin rẹ̀ lè dára, a ó sì rí ìwúlò rẹ̀ nígbà tí a bá dé Abidjan.

Kí a tó dé ibẹ̀, orin kan wà tí a kò lè fò. Ní ọdún 1972, ilẹ̀ Kamẹrúùnù gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù fún ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní kí Dibango ṣe orin tí wọn yóò fi gbé àwọn ọmọ wọn lárugẹ. Ó ṣe é, ó sì fi sí ojú kìíní àwo kékeré kan. Nígbà náà àwo ní ojú méjì, ohun tí ó bá sì wu olórin ni ó lè fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi orin mìíràn síbẹ̀ tí ó pè ní Soul Makossa. Makossa ni orúkọ ijó kan ní Douala, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń jó o kí Dibango tó fi í ṣe àwo. Ohun tí òun ṣe ni pé ó mú orúkọ ijó náà, ó gé e sí wẹ́wẹ́ ní ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ń kólòlò, ó sì gbé e lé orí ìlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pẹ̀lú ariwo fèrè. Kóńgò na Kamẹrúùnù ní 1 sí òdo nígbà tí ó ku eré kan kí wọ́n dé àṣekágbá, Kóńgò náà ni ó sì gba ife lọ. Orin ife-ẹ̀yẹ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ mọ́.

Ẹ̀yìn àwo ni ó là. Ẹnì kan tí ń fi àwo dá àwọn ènìyàn lára yá ní New York, David Mancuso, rí àwo náà ní ìsọ̀ àwọn ará Jàmáíkà kan ní Brooklyn. Ó gbé e sí i, ijó sì bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti dé ilé-iṣẹ́ rédíò, ṣùgbọ́n àwo tí ó wà ní ìlú kò tó nǹkan, àwọn tí ó fẹ́ ẹ sì pọ̀. Nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà sáré ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n ń ta á. Ilé-iṣẹ́ Atlantic ra ẹ̀tọ́ láti tẹ ojúlówó rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1973, ó bọ́ sí ipò 35 lórí àkọsílẹ̀ orin tí ó ń tà jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni fún orin tí a fi èdè Douala kọ. Ẹni tí ó gbé kílò kọfí mẹ́ta lọ sí Marseille wá ń ṣeré ní gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem, ní àárín àwọn tí ó ti gbọ́ orin wọn láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olórin ni ì bá dúró sí Amẹ́ríkà tàbí Paris kí ó máa jẹ èrè orin kan títí láé. Ní ọdún 1975, Dibango wá sí Abidjan, ó sì di olùdarí ẹgbẹ́ olórin ilé-iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ó sì wà nípò náà títí di ọdún 1979.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí pé irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ olórin ilé-iṣẹ́ rédíò kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnì kan. Owó oṣù ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń gbà. Olórin tí ó bá dé lónìí lè jẹ́ obìnrin tí ń kọrin ní èdè Júlà, ti ọ̀la lè jẹ́ ọkùnrin tí ń kọrin Bété, ti ọ̀túnla lè jẹ́ àlejò láti ìlú mìíràn tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹgbẹ́ náà ní láti bá gbogbo wọn lọ. Olùdarí ni yóò fetí sí ohùn olórin, tí yóò kọ ohun tí fèrè kọ̀ọ̀kan yóò fọn sórí ìwé, tí yóò mọ ibi tí ìlù yóò ti dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè hàn. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, olórin nìkan ni àwọn òǹwòran yóò máa yìn. Ta ni ó tún yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ti dúró lẹ́yìn Dick Rivers àti Nino Ferrer?

Ṣé ẹ sì mọ ibi tí owó tí ilé-iṣẹ́ náà fi lè pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wá? Ní oṣù Keje ọdún 1975, òtútù yìnyín ba igi kọfí jẹ́ lọ súà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, owó kọfí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní ọjà àgbáyé títí ó fi dé góńgó ní ọdún 1977, tí ti kòkó náà sì ga pẹ̀lú rẹ̀. Kọfí àti kòkó ni ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì Côte d'Ivoire. Ní ọdún wọ̀nyí ni Abidjan kún fún ilé gíga, ilé ijó àti àwọn olórin láti ìlú gbogbo. Boncana Maïga, ọmọ Málì tí ìjọba rẹ̀ ti rán lọ kọ́ orin ní Kúbà, bá ilé-iṣẹ́ rédíò kan náà ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1977 ni Ernesto Djédjé, ọmọ Bété, gbé orin ziglibithy jáde. Èkó ni ó ti lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ tí ó sì wà lára àwo náà gẹ́gẹ́ bí ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni Badmos, orúkọ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní béèrè ibi tí ó ti wá. Kọfí ni ó gbé Dibango lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà tí ó wà ní ọmọdé; kọfí kan náà ni ó gbà á lálejò nígbà tí ó di àgbà.

Láti Abidjan ó lọ, kò sì gbàgbé láti máa kọ́ ẹ̀kọ́. Ó lọ sí Jàmáíkà, ó bá àwọn onílù àti onígìtá régè ṣe àwo Gone Clear, tí ó jáde ní ọdún 1980. Ẹni tí ó ti lé ní ọdún 45 ni nígbà náà, ó sì jókòó ti àwọn tí ó kéré sí i kí ó lè mọ bí wọ́n ti ń ṣe tiwọn.

Wàyí o, mo dé ibi tí ó mú mi kọ ìwé yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1982, Michael Jackson gbé àwo Thriller jáde. Ní ìparí orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀, ẹni tí ó bá mọ Soul Makossa yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Dibango gé sí wẹ́wẹ́ ní ọdún 1972, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ léraléra. Kò sí ẹni tí ó bi Dibango. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwo.

Àwọn kan yóò wí pé, kí ni ó burú níbẹ̀? Ṣé òun nìkan ni ó ni makossa ni? Kò sì fìgbà kan wí bẹ́ẹ̀. Níbí ni ó yẹ kí a ti fi ẹ̀sọ̀ la ọ̀rọ̀ náà. Ìjálá jẹ́ ti gbogbo ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni makossa jẹ́ ti gbogbo Douala. Òfin kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ijó tàbí ìlù ìbílẹ̀ ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó, tí ó to ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀ ní ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà tò ó, tí ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i, òun ni ó ni àtò náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ béèrè, kí ó dárúkọ rẹ̀, kí ó sì san án lówó. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire pẹ̀lú ní ọ́fíìsì tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé àti olórin, tí a ń pè ní BURIDA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981. Ẹ ṣàkíyèsí pé Dibango kò kọ̀ kí a yá nǹkan òun. Báwo ni ì bá ti kọ̀ ọ́? Gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ yíyá: ó yá fèrè, ó yá jáàsì, ó yá ìlù Kóńgò àti régè Jàmáíkà. Níbi tí ó bá ti yá nǹkan, ó ń jókòó ti àwọn tí ó ni ín, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, orúkọ wọn a sì hàn. Ohun tí ó bí i nínú ni àlejò tí ó wọlé láti fèrèsé, tí ó jẹun tán, tí kò kí baálé.

Àwọn agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi owó parí ọ̀rọ̀ náà láìdé ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, ọmọbìnrin olórin ilẹ̀ Barbados kan, Rihanna, tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà sínú orin rẹ̀ Don't Stop the Music. Gẹ́gẹ́ bí àwọn agbẹjọ́rò Dibango ti wí, Michael Jackson ni ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, Jackson sì fún un láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Èyí yà mí lẹ́nu ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí ó yá nǹkan ti di ẹni tí ń yá ẹlòmíràn. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ kan nítòsí Paris pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ Dibango sínú àwọn ẹ̀dà orin Rihanna tí a ó tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó sì padà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Paris ní ọdún 2009 láti béèrè owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, adájọ́ kò gba ẹjọ́ náà. Ó ní bí ó ti gba ìwé orúkọ yẹn, ó ti fi ìyókù sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó rí gbà, kò rí owó. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni ó sàn jù, n kò lè dáhùn kíákíá, nítorí pé n kò tíì rí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìwé ìtàn ara rẹ̀, Trois kilos de café, jáde ní ọdún 1989. Akọ̀ròyìn kan, Danielle Rouard, ni ó bá a kọ ọ́. Ní ọdún 1994 a tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan lè wí pé olórin kò nílò ìwé níwọ̀n ìgbà tí àwo rẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n àwo kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ wí báyìí, ní ilé báyìí, ní ọdún báyìí. Ìwé lè sọ ọ́. Ní ọdún 1994 kan náà ni ó ṣe àwo Wakafrika, nínú èyí tí ó pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórin mìíràn kí wọ́n wá bá òun kọ orin ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ti di mímọ̀: King Sunny Adé ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, Angélique Kidjo ti Bẹ̀nẹ̀, Youssou N'Dour ti Sẹ̀nẹ̀gà, Salif Keita ti Málì, àti Peter Gabriel, olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ gbogbo wọn ni ó hàn. UNESCO sọ ọ́ di olórin àlàáfíà ní ọdún 2004.

Ó ń ṣeré títí ó fi di arúgbó. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà pa á ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Faransé. Ní àkókò náà àwọn orílẹ̀-èdè ti ti ibodè wọn, a kò jẹ́ kí ènìyàn péjọ síbi òkú, nítorí náà ẹni tí ó ti fi fèrè kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ fún ọgọ́ta ọdún lọ sí ibojì pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn ẹbí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé náà, kí ó kọ́kọ́ wá a ní ilé ìkàwé, ní èdè Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí mo kà kì í ṣe tèmi. Ọmọ Kamẹrúùnù kan ní Attécoubé ni ó yá mi, ó sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òun ń retí rẹ̀.